Òtítọ́ àti Ìfẹ́ Lẹ́nu Onígbàgbọ́

Ibi Kíkà: Léfítíkù 19:15–18, 2 Sámúẹ́lì 12:1–14, Éfésù 4:15, 25–32
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Éfésù 4:15
Kókó Ẹ̀kọ́: Ẹni tí ó fẹ́ràn arákùnrin rẹ̀ yóò lọ bá a sọ òtítọ́ lójúkojú, kò ní sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

KÍKÀ BÍBÉLÌ LÓJOOJÚMỌ́
Ọjọ́ Ajé: Léfítíkù 19:11–18
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 2 Sámúẹ́lì 12:1–14
Ọjọ́rú: Òwe 27:5–10
Ọjọ́bọ̀: Mátíù 18:15–22
Ọjọ́ Ẹtì: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18:24–28
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Jákọ́bù 3:1–12
Ọjọ́ Ìsinmi: Éfésù 4:25–32

ÌFÁÀRÀ

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí ẹyin kì í fọ́ láàrin wa. Nínú ẹbí, ní ọjà, ní ibi iṣẹ́, àti nínú ilé Ọlọ́run pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tú ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ọdún púpọ̀ kó jọ ká.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ kan wò, irú èyí tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ èyíkéyìí. Obìnrin kan jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn lójijì. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí ìyá náà san owó kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sá sókè sá sódò, kò rí ẹni yá a. Ni ó bá mú nínú owó ẹgbẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní i lọ́kàn láti dá a padà kí oṣù tó parí. Oṣù parí, kò rí i dá padà.

Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ náà wo ìwé owó, ó rí i pé owó ti dín. Ó dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ràn akápò náà, òun kò fẹ́ kí ojú tì í. Ẹlòmíràn tún mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò dákẹ́. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ fi í sínú àdúrà. Ọ̀rẹ́ náà sọ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì sọ fún ẹnì kẹta. Nísinsìnyí tí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ọkọ obìnrin yìí tó gbọ́. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ìsinmi kejì, kíkí ti yí padà. Àwọn tí ó máa ń dì mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kàn ń mi orí sí i láti òkèèrè ni. Kò pẹ́ tí kò fi wá sí ìsìn mọ́. Owó kò padà, obìnrin náà kò sì padà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ti wí i ni ó rí. Síbẹ̀, ọkàn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ẹni tí ó dákẹ́ rò pé ìfẹ́ ni òun ní. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ rò pé òtítọ́ ni òun ní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tí ó dìde lọ bá obìnrin náà nílé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ tòní fi kàn wá gidigidi.

I. ẸSẸ MẸ́TA TÍ Ó TẸ̀LÉ ARA WỌN (Léfítíkù 19:16–18)

Gbogbo Kristẹni ni ó mọ àṣẹ pé kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa gẹ́gẹ́ bí ara wa. Olúwa wa Jésù sọ pé òun ni òfin ńlá kejì (Mátíù 22:39). Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti ṣí ìwé Léfítíkù láti wo ibi tí àṣẹ náà ti jáde, àti ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa.

Ní ẹsẹ 16, Ọlọ́run kọ̀ fún àwọn ènìyàn Rẹ̀ láti máa lọ káàkiri bí olófòófó. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a lò níbẹ̀ fara jọ èyí tí wọ́n ń lò fún oníṣòwò tí ń kiri. Àwa tí a mọ bí a ti ń kiri ọjà lè lóye rẹ̀. Ẹni tí ń kiri a máa gbé igbá rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, yóò sọ̀ ọ́ fún ẹni tí ó bá pè é, yóò sì tún gbé e lọ sí iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni olófòófó ń ṣe. Orúkọ ọmọnìkejì rẹ̀ ni ọjà tí ó gbé rù. Ọjà náà lè má jẹ́ ayédèrú, ó lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ Ọlọ́run wí pé kí a má kiri rẹ̀.

Ní ẹsẹ 17, Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti kórìíra arákùnrin wa nínú ọkàn wa. Lẹ́yìn èyí ni Ó pàṣẹ pé kí a bá a wí, kí a má baà ru ẹ̀ṣẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Nínú ẹsẹ kan náà ni ìkórìíra àti àìbániwí wà. Àwa a máa rò pé ẹni tí ó bá wa wí ni ó kórìíra wa, Ọlọ́run sì ń fi yé wa pé ẹni tí ó rí àṣìṣe wa tí ó dákẹ́ kò jìnnà sí ìkórìíra. Bí ọ̀rẹ́ mi bá rí ọ̀fìn lọ́nà tí mò ń lọ, tí ó kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ó sì jẹ́ kí n kọjá, ǹjẹ́ a lè pe èyí ní ìfẹ́?

Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ 18 wá dé: kí a má gbẹ̀san, kí a má di kùnsínú, kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa. Nítorí náà, ìfẹ́ tí Bíbélì ń sọ níhìn-ín ní ààlà ní ọ̀tún àti ní òsì. Kì í kiri ẹjọ́ ọmọnìkejì, kì í sì í dákẹ́ nígbà tí ọmọnìkejì ń ṣègbé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún un: kí ó lọ bá ẹni náà.

II. NÁTÁNÌ NÍWÁJÚ ỌBA (2 Sámúẹ́lì 12:1–14)

Dáfídì ti gba aya Ùráyà, ó sì ti jẹ́ kí a pa Ùráyà lójú ogun. Ọba ni, kò sí ẹni tí ó lè pè é lẹ́jọ́. Ọlọ́run rán wòlíì Nátánì sí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun mẹ́rin lára Nátánì.

Èkíní, òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ. Kò dúró sí ẹnu ibodè kí ó máa sọ ọ́ fún àwọn tí ń wọlé tí ń jáde. Ọwọ́ tí ó pa Ùráyà lè pa òun náà, ó mọ̀, síbẹ̀ ó lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ ní ìfẹ́ gbọ́dọ̀ múra tán láti san nínú owó rẹ̀. Òfófó kì í ná ẹni tí ń ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí a ń sọ nìkan ni ó ń sanwó rẹ̀.

Èkejì, ó yan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pa ìtàn ọkùnrin ọlọ́rọ̀ tí ó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí òtòṣì ní. Darandaran ni Dáfídì nígbà èwe rẹ̀, ó mọ bí a ti ń fẹ́ràn ọ̀dọ́ àgùntàn. Àwa Yorùbá mọ irú ọgbọ́n yìí, nítorí òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Nátánì pa òwe kí ọba lè rí ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwa ń pa òwe kí àwọn tí ó jókòó lè rí ẹni tí a ń bá wí, kí wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Èyí kì í ṣe òwe Nátánì, sísọ̀kò ọ̀rọ̀ ni. Ó ṣeni láàánú pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi àdúrà sọ̀kò ọ̀rọ̀: wọn a di ojú, wọn a máa bẹ Ọlọ́run nípa “àwọn kan láàrin wa”, gbogbo ilé yóò sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ẹ̀kẹta, kò fi òtítọ́ sílẹ̀ ní ìdajì. Lẹ́yìn tí ìtàn ti wọ ọba lára, ó sọ ọ́ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé òun gan-an ni ọkùnrin náà. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó, tí ẹni tí ó fẹ́ràn wa gbọ́dọ̀ sọ odindi rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kò fi Dáfídì sílẹ̀ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ní kété tí ọba jẹ́wọ́, ẹnu tí ó dá a lẹ́bi náà ni ó kéde fún un pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Kò fi ìyà tí yóò tẹ̀lé e pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò pa ìlẹ̀kùn àánú dé. Nígbà tí ọjọ́ ogbó Dáfídì dé, tí ìjà dìde lórí ìtẹ́, Nátánì ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (1 Àwọn Ọba 1). Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹni tí kò bá ní ọwọ́ ọ̀tún yìí, kí ó má tètè gbé ti òsì sókè.

III. OLÈ ÀTI Ẹ̀LẸ́NU JÍJẸRÀ (Éfésù 4:25–32)

Nínú ìwé tí ó kọ sí Éfésù, Pọ́ọ̀lù pàṣẹ pé kí a mú èké kúrò, kí olúkúlùkù máa bá ọmọnìkejì rẹ̀ sọ òtítọ́. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara ọmọnìkejì wa ni àwa jẹ́. Bí ojú bá rí ẹ̀gún tí kò sọ fún ẹsẹ̀, gbogbo ara ni yóò jẹ ìrora rẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, kì í fi àáké yọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ẹsẹ 28 àti 29 papọ̀. Ní ẹsẹ 28, Pọ́ọ̀lù ń bá ẹni tí ó ti ń jalè wí, pé kí ó má jalè mọ́, kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ẹsẹ 29, ó kọjú sí ẹni tí ọ̀rọ̀ jíjẹrà ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò sí ẹsẹ kankan láàrin wọn. Nínú ìjọ wa, a lè fi ọdún mẹ́wàá rántí ẹni tí ó fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ń rántí ẹni tí ó fi ẹnu rẹ̀ lé e jáde? Lójú àpósítélì náà, lórí ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó lò fún jíjẹrà yìí náà ni a lò nínú Ìhìnrere Mátíù fún igi búburú tí kò lè so èso rere, àti fún ẹja búburú tí àwọn apẹja kó dànù láti inú àwọ̀n (Mátíù 7:17, 13:48). Ẹja lè jẹ́ ẹja gidi, tí a pa nínú omi gidi, síbẹ̀ bí ó bá ti jẹrà, májèlé ni fún ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Òtítọ́ tí a ti pa mọ́ sínú ìbínú, tí a sì kó jáde lọ́jọ́ tí ìjà dé, irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni.

Pọ́ọ̀lù fún wa ní òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó jáde. Ǹjẹ́ yóò gbé ẹni náà ró? Ǹjẹ́ ó bá àìní rẹ̀ mu ní àkókò yìí? Ǹjẹ́ yóò fi oore-ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ó gbọ́? Àwọn kan a máa fi í yangàn pé, “Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, bí ó bá ti rí ni mo ń sọ ọ́.” Ó dára. Ṣùgbọ́n bíbi ọ̀rọ̀ jáde kò fi hàn pé ìfẹ́ wà nínú rẹ̀.

IV. BÍ A Ó TI ṢE É

1. Lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Olúwa fi ètò rẹ̀ lélẹ̀ nínú Mátíù 18:15–17: ìwọ nìkan ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹnì kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ìjọ. Ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Nígbà tí Pírísílà àti Ákúílà gbọ́ Àpólò, tí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n mú un sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì là á yé e dáadáa (Ìṣe 18:26). Wọn kò dójú tì í níwájú ìjọ, ó sì di ìrànlọ́wọ́ ńlá fún àwọn onígbàgbọ́ ní Ákáyà.

2. Bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó tọ́ sí. Pọ́ọ̀lù kọ́ Tímótì kí ó má fi ohùn líle bá àgbàlagbà wí, kí ó máa pàrọwà fún un bí baba, fún àwọn àgbà obìnrin bí ìyá, fún àwọn èwe bí arákùnrin àti arábìnrin (1 Tímótì 5:1–2). Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ wa kò gbọdọ̀ dí òtítọ́ lọ́wọ́, òtítọ́ kò sì sọ pé kí a má kúnlẹ̀. Ọmọ lè wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn,” kí ó sì sọ ọ́ tán.

3. Kọ́kọ́ béèrè, kí o tó dájọ́. Ohun tí o rí lè jẹ́ òtítọ́, kí ó má jẹ́ gbogbo òtítọ́.

4. Má fi ìfẹ́ bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ 16 tí a kà nínú Léfítíkù tún wí pé kí a má dúró lásán nígbà tí ẹ̀mí ọmọnìkejì wa wà nínú ewu. Bí ẹnì kan bá ń na aya rẹ̀ ní ìlù ìkà, tàbí tí ó ń ba ọmọdé jẹ́, ọ̀ràn náà kò mọ sí “ìwọ àti òun nìkan”. Kọ́kọ́ gba ẹni tí ó wà nínú ewu sílẹ̀, kí o sì sọ fún àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn láti dáàbò bò ó. Èyí kì í ṣe òfófó.

5. Rántí májẹ̀mú rẹ. Nínú májẹ̀mú ìjọ tí J. Newton Brown tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1853, tí ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń lò láti ìgbà náà, a ṣèlérí láti yẹra fún òfófó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, láti lọ́ra láti bínú, àti láti tètè bá ara wa làjà. Bí a bá ti fi ẹnu wa ka irú ìlérí bẹ́ẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ni a tún ń fi ẹnu kan náà ṣe lẹ́yìn ìsìn?

ÌPARÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá àgbà tí ó dákẹ́ nì kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ kan, tí ó sì dìde ní òwúrọ̀ lọ sí ilé akápò náà. Kí ni ì bá sọ? Bóyá báyìí ni:

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti yá?”

Obìnrin náà yóò bú sẹ́kún. “Ẹ ṣeun, Mà. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ mi.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé owó. N kò sọ fún ọ. Ìfẹ́ ni mo pè é, ẹ̀rù ni. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣe yẹn kò dára, ọmọ mi. Owó tí a kó jọ fún iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ó ní láti padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dìde, wẹ ojú rẹ. Èmi yóò bá ọ lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, n óò sì jókòó tì ọ́ títí tí o ó fi sọ ọ́ tán.”

Kò sí ohun tí ó fi pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èyí tí ó sọ láti fi ṣe é léṣe. Obìnrin náà lè má jẹ́ akápò mọ́. Ó lè pẹ́ kí gbèsè náà tó tán. Àwọn kan lè má kí i dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹnì kan yóò wà tí yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Olùfẹ́, ta ni o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, tí o kò tíì bá sọ̀rọ̀ lójú? Ta ni o ń wò tí ó ń lọ sínú ọ̀fìn, tí o sì ń kí pẹ̀lú ẹ̀rín? Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, gbàdúrà, dìde, kí o sì lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ìyá tí ó dákẹ́ àti ẹni tí ó sọ ọ́ káàkiri, èwo ni àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù? Kí ni ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀?
2. Kí ni Léfítíkù 19:17 fi kún òye rẹ nípa ìfẹ́ tí ẹsẹ 18 pàṣẹ?
3. Ọ̀nà wo ni a fi lè mọ ìyàtọ̀ láàrin kíkó ọ̀rọ̀ ẹnìkan wá sínú àdúrà àti ṣíṣe òfófó rẹ̀?
4. Báwo ni ọmọdé ṣe lè sọ òtítọ́ fún àgbà láìsí àrífín? Báwo ni àgbà ṣe yẹ kí ó gbà á?
5. Nígbà wo ni kò tọ̀nà láti fi ọ̀ràn mọ sí àárín ẹni méjì?

ÀDÚRÀ

Olúwa, dárí òtítọ́ tí a sọ láìsí ìfẹ́ jì wá. Dárí ìdákẹ́ tí a pè ní ìfẹ́ jì wá pẹ̀lú. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò lọ bá arákùnrin wa, àti ẹnu tí yóò gbé e ró. Mú àwọn tí ọ̀rọ̀ wa ti lé jáde padà wá sílé, kí Ìwọ sì jẹ́ kí wọ́n bá wa níbẹ̀ ní ẹni tí ó ti yí padà. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.